Owó ni mo fi ránṣẹ́ sí ìpàdé ẹbí, wọ́n bá wó ilé wa

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí wọ́n wó ilé wa ní Pópó Àgùdà, n kò tíì lè gba àdúgbò yẹn kọjá. Bí mo bá ń lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mò ń gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ẹbí l'Ékòó, ẹ mọ irú ilé tí mò ń wí: gbogbo yín lẹ ni ín, àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ pààrọ̀ páànù rẹ̀.

Bàbá tó bí bàbá bàbá mi wà lára àwọn Àgùdà tó ti Bràsíìlì padà wálé. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ó kọ́. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ojú fèrèsé la máa ń jókòó sí ní kékeré, a ó ká ẹsẹ̀ sókè, ẹ̀yìn wa kò sì ní yọ síta.

Nígbà tí wọ́n pe ìpàdé àkọ́kọ́, mo fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà ránṣẹ́, mo ní kí wọ́n fi ra mínírà, kí wọ́n bá mi tọrọ gáfárà. Ọ̀tà ni mò ń gbé, ẹ má bú mi, ẹ̀yin náà mọ gosílóò. Ìkejì, bákan náà. Ní ìkẹta ni ẹnì kan dìde pé ògiri ti sán, pé òjò ọdún yìí ló máa wó o, pé ká tètè fún oníṣòwò ilé kan tó máa kọ́ fúláàtì síbẹ̀, tó máa fún ẹbí ní mẹ́rin. Wọ́n kọ orúkọ àwa tí a kò wá sínú ìwé: "Wọ́n tọrọ gáfárà, wọ́n sì fara mọ́ ọn." Èmi? Ta ni mo fara mọ́?

Ọjọ́ Sunday ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Máàsì dé, àbúrò mi pè: "Bọ̀dá, ẹ máa bọ̀ o, katapílà ti wà níwájú ilé." Agogo méjì kọjá kí n tó débẹ̀. Wọ́n ti ṣí yàrá Màmá síta bí ẹni ṣí àpótí. Ọ̀dà àwọ̀ ewé ló wà lójú ògiri, búlúù wà lábẹ́ rẹ̀, ẹfun sì wà lábẹ́ búlúù. Ìṣó tí Màmá máa ń fi dígí kọ́ ṣì wà níbẹ̀, okùn rẹ̀ ń mì. Ìgbà mẹ́ta ni katapílà kan ògiri yẹn kí ó tó mira. Ilé tí wọ́n ní òjò máa wó! Ọmọkùnrin kan ru fèrèsé onípákó kọjá lọ́dọ̀ mi, ó ní, "Alàgbà, ẹ máa rà á? Pákó àtijọ́ ni, ikán ò lè jẹ ẹ́." Fèrèsé wa ni.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju pé kí ẹ lọ sí ìpàdé. Ẹ lọ fúnra yín. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ẹ mú ẹnjiníà tiyín dání, torí pé simẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ojú ògiri sán kò ní kí ògiri fúnra rẹ̀ sán. Ta ló sì máa mú un lọ bí ẹ kò bá sí ní ìpàdé?

Ẹ má gbójú lé ìjọba. Ilé Fernandez ní Tinúubú, tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar, 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Mélòó wá ni tiwa tí kò sí nínú ìwé kankan?

Lọ́yà ṣàlàyé fún mi pé bí olórí ẹbí bá ta ilé ẹbí láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹ̀ka fọwọ́ sí i, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e, àmọ́ àwọn tí inú ń bí gbọ́dọ̀ tètè pẹjọ́. Tètè! Ibo ni èmi ti fẹ́ gbọ́ kí n tó tètè, nígbà tí mo wà l'Ọ́tà?

Àwọn kan ní ó rọrùn fún mi láti sọ̀rọ̀, pé kì í ṣe èmi ni òjò ń rọ̀ sí lórí. Òótọ́ ni. Àmọ́ mo dá owó páànù o, rísíìtì wà lọ́wọ́ mi.

Lọ́yà ti kọ lẹ́tà sí wọn, wọ́n ti fi fúláàtì kan kún un. Mo ra fèrèsé yẹn, ó wà ní pálọ̀ mi. Ìpàdé ẹbí ìyá mi di Sátidé tó ń bọ̀, agogo mẹ́wàá. Mo ti gba ààyè níbi iṣẹ́.