Ẹnu kọ́ ni Maulwurf fi ń gbẹ́lẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kọ́ èdè Jámánì, ẹ jẹ́ n fi ibi tí mo ti kọsẹ̀ hàn yín.

Lọ́dún kejì mi ní yunifásítì, wọ́n ní ká mú ọ̀rọ̀ alákànpọ̀ mẹ́wàá, ká tú wọn palẹ̀. Mo ní iṣẹ́ ti dé, torí ọ̀rọ̀ Jámánì kì í fara pamọ́: Hand ni ọwọ́, Schuh ni bàtà, Handschuh wá di ìbọ̀wọ́. Mo bá kan Maulwurf. Ẹranko kékeré onírun dúdú kan ni, abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé (òkété kọ́ o, kò sí irú rẹ̀ nílé wa). Maul ni ẹnu ẹranko, Wurf ni jíjù. Kíá ni mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó ń fi ẹnu da ilẹ̀ sókè ni.

Olùkọ́ mi fi bírò pupa fàlà sí i, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: "Ṣé o ti wo ọwọ́ ẹ̀ rí?" Mo lọ wá àwòrán rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ fẹ̀ bí ṣọ́bìrì, ó kọjú síta. Ọwọ́ ló fi ń gbẹ́lẹ̀!

Ìgbà yẹn ni mo tó ṣí ìwé ìpilẹ̀ ọ̀rọ̀ tí Friedrich Kluge kọ́kọ́ gbé jáde ní 1883. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, mūwerf ni wọ́n ń pè é. Òkìtì ni mū yẹn: ẹni tó ń da òkìtì sókè. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó mọ mū mọ́, wọ́n bá fi molte, ìyẹn erùpẹ̀, rọ́pò rẹ̀. Molte náà tún kú. Ni etí àwọn èèyàn bá gbé e lọ sọ́dọ̀ Maul tí gbogbo wọn mọ̀. Wọn ò purọ́. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n sọ, bí àwa náà ṣe ń sọ pé ìyà tí wọ́n jẹ ní Ìwó ló di ìyàwó.

Látìgbà náà, ọ̀rọ̀ tó bá tètè ṣí mọ́ mi lọ́wọ́ ni mo máa ń fura sí jù. Ẹ wo Hängematte, ibùsùn tí wọ́n ń so mọ́ igi méjì. Hängen ni kí nǹkan so rọ̀, Matte ni ẹní. Ó mà ṣe rẹ́gí o! Bẹ́ẹ̀ hamaca ni, ọ̀rọ̀ àwọn Taíno tí Columbus bá ní erékùṣù wọn ní 1492. Àwọn ará Sípéènì gbé e wá sí Yúróòpù, àwọn ará Holland sọ ọ́ di hangmat, Jámánì gbà á lọ́wọ́ wọn. Kò sí ẹní kankan níbẹ̀ látilẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni DWDS, ìwé atúmọ̀ èdè Jámánì tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ Friedhof, ìyẹn itẹ́ òkú, síbẹ̀ ná, kẹ́ ẹ tó wá sọ fún mi pé Friede ni àlàáfíà, Hof ni àgbàlá, pé àgbàlá àlàáfíà ni.