Ohun Tó Yẹ Kí Olùdámọ̀ràn Ilé Ìwé Sọ Kí Ọmọ Tó Lanu

Gbólóhùn tó máa ń ba iṣẹ́ olùdámọ̀ràn ilé ìwé jẹ́ jù ni “Má bẹ̀rù, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.” Àánú ló ń mú kéèyàn sọ ọ́. Àmọ́ tọ́mọ bá wá ní ẹnì kan ń ṣe òun báṣubàṣu nílé, olùdámọ̀ràn ò lè dákẹ́. Lójú ọmọ, ó ti dalẹ̀ nìyẹn. Kò ní padà wá mọ́, á sì kìlọ̀ fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀.

Ẹ tètè là á yé e: “Àárín wa lọ̀rọ̀ yìí máa wà. Àmọ́ tí mo bá gbọ́ pé o fẹ́ ṣe ara ẹ tàbí ẹlòmíì léṣe, tàbí pé ẹnì kan ń fìyà jẹ ọ́, màá sọ fẹ́ni tó lè gbà ọ́. Màá kọ́kọ́ jẹ́ kó o mọ̀.”

Tọ́rọ̀ ẹ̀ bá jọ tẹni tí ayé ti sú, ẹ bi í tààràtà: “Ṣé ó ti ń ṣe ọ́ bíi kó o pa ara ẹ?” Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń bẹ̀rù pé ìbéèrè yẹn á kọ́ ọmọ lóhun tí kò rò tẹ́lẹ̀. Rárá o, ara ló sábà máa ń tù ú. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bi í bóyá ó ti mọ ọ̀nà tó fẹ́ gbà, àti bóyá ohun tó fẹ́ lò wà nítòsí. Ẹ má dá a fi sílẹ̀ mọ́. Tó bá fẹ́ lọ tọ̀, kí àgbàlagbà kan sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ ránṣẹ́ sóbìí, àyàfi tó bá jẹ́ pé ilé gan-an lewu wà. Kí wọ́n tó mú un lọ, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n kó oògùn àti nǹkan olóró pa mọ́ sábẹ́ kọ́kọ́rọ́. Ibi tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé nìyẹn.

Ọmọ tó ń dákẹ́ ò ní wá fúnra ẹ̀, rẹ́jísítà ló máa ń tú u fó. Tí ilé ìwé bá ń ṣí fún ọjọ́ 180 lọ́dún, ọmọ tó bá pa 18 jẹ ti wọ ìlà ewu. Kò dìgbà tó bá pé 18 kẹ́ ẹ tó pè é.

Ẹgbẹ́ àwọn olùdámọ̀ràn ilé ìwé ní Amẹ́ríkà, ASCA, dábàá akẹ́kọ̀ọ́ 250 fún olùdámọ̀ràn kan. Lójú tèmi, iye yẹn ò tiẹ̀ tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbé iṣẹ́ ìbáwí lé e lọ́wọ́. Ẹni tó fìyà jẹ ọmọ láàárọ̀ ò lè retí kó wá tú ọkàn ẹ̀ fóun lọ́sàn-án.