Ẹ̀rí tó jóòótọ́, oògùn tí kò ṣiṣẹ́: bí a ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ MS wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ká ní ojú ọ̀tún obìnrin kan ṣàdédé ń dùn ún bó bá ti yí i, tí ìríran ojú náà sì ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀. Aṣọ pupa wá ń dà bí aṣọ tó ti ṣá lójú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹnì kan gbé agbo wá, ó mu ún. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ojú ti ń ríran padà. Ó ṣe fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta sórí Facebook, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ alágbo, àwọn èèyàn sì ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp títí ó fi dé ọ̀dọ̀ yín. Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n ká ní omi lásán ló mu, ó ṣeé ṣe dáadáa kí ojú náà là láàárín àkókò kan náà. Bí iṣan ojú tó wú nítorí multiple sclerosis (MS) ṣe máa ń ṣe nìyẹn: á máa burú sí i fún ọjọ́ mélòó kan títí dé ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Ibí yìí ni wàhálà MS lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú àìsàn náà, àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ló ń gbógun ti èèpo ọ̀rá tó bo àwọn iṣan inú ọpọlọ, ti ojú àti ti inú ọ̀pá ẹ̀yìn, bí ìgbà tí eku bá ń jẹ rọ́bà ara wáyà iná. Nǹkan bí 85 nínú 100 èèyàn tó ní i ló jẹ́ pé irú tó ń ru tó ń rọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó bá sì ru gan-an ni èèyàn máa ń wá oògùn kiri, kì í ṣe ìgbà tí ara dá. Ohunkóhun tó bá lò lásìkò yẹn, oyin ni o, oúnjẹ tí kò ní búrẹ́dì ni o, òun ni yóò gba ìyìn ìrọ̀lẹ̀ tó ti wà lójú ọ̀nà tẹ́lẹ̀. Kódà nínú àwọn ìwádìí ńláńlá, àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú sábà máa ń ní ìrusókè tó dín sí ti ọdún tó ṣáájú. Nítorí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: ta ni wọ́n fi wé? Bí kò bá sí ẹgbẹ́ kejì tí kò lo nǹkan náà, ẹ̀rí 1,000 èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ẹ̀rí ẹnì kan lọ.

Ẹni tó bá rò pé àwọn alágbo nìkan ni mò ń bá wí, kó gbọ́ ti Paolo Zamboni. Oníṣẹ́ abẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ní yunifásítì Ferrara ní Ítálì, ìyàwó rẹ̀ sì ní MS. Ní 2009, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí ìṣègùn pé àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọpọlọ, èyí tó wà ní ọrùn àti àyà, ti há lára àwọn tó ní MS. Ó ki bálùùnù kékeré bọ inú iṣan èèyàn 65, ó fi fẹ̀ ẹ́, ó sì ní ara wọn yá sí i. Kò sí ẹgbẹ́ ìfiwéra. Aláìsàn mọ ohun tí wọ́n ṣe fún òun, dókítà náà mọ̀. Orúkọ tí iṣẹ́ náà wá ń jẹ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ni ìdáǹdè, orúkọ tó dùn létí ju ti oògùn èyíkéyìí lọ. Tẹlifíṣọ̀n Kánádà gbé e, YouTube kún fún fídíò àwọn tí wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ti ń gbé àwọn padà, àwọn ará Kánádà sì ń wọ bàálù lọ sí Costa Rica, Mexico àti Poland, wọ́n ń fi owó ara wọn san án.

Ní oṣù karùn-ún 2012, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀: àwọn kan ti kú, irin kékeré tí wọ́n fi gbé iṣan ró ti ṣí kúrò nípò lára àwọn mìíràn, ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan àwọn kan. Ní oṣù kẹta 2017, àbájáde ìwádìí Kánádà jáde. Èèyàn 104 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi bálùùnù fẹ iṣan àwọn kan, wọ́n ṣe bí ẹni ń fẹ̀ ẹ́ fún àwọn tó kù láìfẹ̀ ẹ́, aláìsàn kò sì mọ èwo ni tòun. Lẹ́yìn ọdún kan, kò sí ìyàtọ̀. Ní ìparí ọdún kan náà ni ìwádìí tí Zamboni fúnra rẹ̀ darí jáde pẹ̀lú irú èsì yẹn, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì kọ ọ́ pé kò yẹ kí a máa ṣe é fún àwọn tó ní MS. Mo bọ̀wọ̀ fún un fún ìyẹn, torí ọ̀pọ̀ ni kò ní lè kọ ọ́. Àmọ́ fídíò tí wọ́n ṣe ní 2010 kò lè sọ ohun tí wọ́n rí ní 2017 fún yín.

Ọjọ́ orí ọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n kọ sókè ojúewé kò sì tó, torí àwọn kan kàn máa ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ wo inú ọ̀rọ̀ náà. Ojúewé tó bá ní kò sí oògùn kankan fún irú MS tó ń burú lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ láìrọ̀ ti pẹ́ ju oṣù kẹta 2017 lọ, ìgbà tí FDA fọwọ́ sí oògùn ocrelizumab fún un. Èyí tó bá ní abẹ́rẹ́ nìkan ló wà, kò sí oníhóró, ti pẹ́ ju 2010 lọ. Èyí tó bá sì ní dókítà gbọ́dọ̀ dúró de ìrusókè kejì kó tó lè sọ pé MS ni, ìmọ̀ rẹ̀ kò tíì dé 2001, nígbà tí ìlànà McDonald, èyí tí àwọn dókítà fi ń mọ̀ bóyá MS ni, ti gbà kí àwòrán MRI dípò ìdúró yẹn.

Òǹkà ni ibi tí àwọn ojúewé tó ṣeé gbọ́kàn lé pàápàá ti ń rú èèyàn lójú. Nínú ìwádìí méjì tí wọ́n ti fi ocrelizumab wé interferon, oògùn MS tó ti wà ṣáájú rẹ̀, ó dín ìrusókè kù ní ìdá 46 àti 47 nínú 100. Bí ẹ bá ṣí tábìlì inú ìwé náà, 0.16 àti 0.29 lọ́dún lẹ ó bá níbẹ̀. Ìyẹn ni pé bí 100 èèyàn bá lo interferon fún ọdún kan, gbogbo ìrusókè wọn lápapọ̀ yóò tó 29. Bí 100 mìíràn bá lo ocrelizumab, yóò tó 16. Ìyàtọ̀ gidi ni. Fún irú tó ń burú lọ láìrọ̀, ìròyìn ní oògùn náà dín ewu kí ara túbọ̀ máa kọṣẹ́ kù ní ìdá 24. Nínú tábìlì, 39.3 nínú 100 ló burú sí i láàárín àwọn tí kò gba oògùn gidi, 32.9 láàárín àwọn tó gbà á. Nínú 100 èèyàn, nǹkan bí 6 ló jèrè. Ìdá 24 kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n 6 yẹn ni ẹni tó fẹ́ pinnu nílò. Ibi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé nǹkan dín kù ní ìlàjì, tí wọn kò sọ ìlàjì kí ni, ẹ wá òǹkà méjèèjì kàn.

Ọ̀rọ̀ pé fítámì D ń ran àwọn tó ní MS lọ́wọ́ ló le jù láti yẹ̀ wò, torí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ìwádìí VIDAMS ti Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2023, fi 5,000 IU (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn fítámì) lójúmọ́ wé 600 IU láàárín àwọn tó ń lo glatiramer, oògùn MS kan: kò sí ìyàtọ̀. Ní 2025, ìwádìí D-Lay MS ti Faransé fún àwọn tí àmì àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn lára wọn, tí wọn kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ oògùn mìíràn, ní 100,000 IU ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì fún ọdún méjì. Àìsàn ṣì ń ṣiṣẹ́ lára nǹkan bí 60 nínú 100 wọn. Láàárín àwọn tó gba èyí tí kò ní nǹkan nínú, 74 ni. Ẹni tó ń ta fítámì yóò fi ti 2025 hàn yín, kò ní dárúkọ ti 2023. Àwọn aláìsàn inú méjèèjì ni kò jọra, ibẹ̀ sì ni kí ẹ wò: ṣé ẹni tí wọ́n fi dán an wò jọ ẹni tó fẹ́ lò ó?

Ìlànà kan tó ti São Paulo ní Brazil tàn káàkiri tún ń ní kí èèyàn máa lo ẹgbẹẹgbàárùn-ún IU lójúmọ́, kó má mu mílíìkì, kó sì máa mu omi púpọ̀. Wọ́n yọ mílíìkì kúrò nítorí pé fítámì D tó pọ̀ jù máa ń kó kálísíọ́mù jọ sínú ẹ̀jẹ̀: òǹgbẹ, èébì, ìgbẹ́ gbígbẹ, iyè tó ń dàrú, òkúta inú kíndìnrín, títí kíndìnrín fi máa kọṣẹ́. Òdiwọ̀n tí àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ kọjá láìsí dókítà ni 4,000 IU lójúmọ́. Ẹ ka ara ìgò dáadáa. 40 IU ló wà nínú microgram 1, nítorí náà 25 mcg jẹ́ 1,000 IU, 1.25 mg sì jẹ́ 50,000 IU. Ẹni tó bá ka mg bí mcg ti ṣì í kà ní ìlọ́po 1,000.

Ti fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr, tí wọ́n ń sọ pé ó wà nídìí MS, kò gùn. Ní oṣù kìíní 2022, àwọn olùṣèwádìí Harvard yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó lé ní mílíọ̀nù 10 wò. Nínú 801 tí MS mú tí ẹ̀jẹ̀ wọn wà nípamọ́, 800 ló ti kó fáírọ́ọ̀sì náà. Iṣẹ́ tó lágbára ni. Àmọ́ àwọn àgbàlagbà tó ní in lára lé ní 90 nínú 100, MS kì í sì í mú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ta àyẹ̀wò fáírọ́ọ̀sì yìí fún yín kí ẹ lè mọ̀ bóyá MS ń bọ̀, ohun tí ẹ ti mọ̀ ló fẹ́ tà.

Kí ẹ má gbára lé àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ojúewé. Àjọ Health On the Net ní Geneva tó ń fúnni ní àmì HONcode ti kógbá sílé ní ìparí 2022; ẹni tó ṣì gbé e kọ́ ń jẹ́wọ́ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n yẹ òun wò. Kí ìwé wà lórí PubMed, àkójọ ìwé ìwádìí ìṣègùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sọ ọ́ di òótọ́, torí àwọn tí wọ́n ti fagi lé ṣì wà níbẹ̀, wọ́n kàn kọ Retracted sí wọn lórí ni. ClinicalTrials.gov, ibi tí wọ́n ti ń forúkọ ìwádìí sílẹ̀, ló ń tan èèyàn jù: oníṣòwò stem cell (sẹ́ẹ̀lì tó lè di irú sẹ́ẹ̀lì mìíràn) lè forúkọ ohun tó pè ní ìwádìí sílẹ̀ níbẹ̀, kó sì máa gbowó gọbọi lọ́wọ́ àwọn tó bá wọlé. Ìtọ́jú stem cell tó tiẹ̀ ní ẹ̀rí lẹ́yìn, tí wọ́n dán wò lára èèyàn 110 nínú ìwádìí tó jáde ní 2019, iṣẹ́ ọsibítù ni; oògùn tó le ni wọ́n fi ń fọ àwọn ọmọ ogun ara dànù kí wọ́n tó dá sẹ́ẹ̀lì aláìsàn fúnra rẹ̀ padà sí i lára. Abẹ́rẹ́ ọ̀sán kan, kí ẹ sì máa lọ sílé, kì í ṣe òun. Bí ẹ bá sì bi ChatGPT, ẹ da àkọlé ìwé tó bá dárúkọ sínú PubMed. Bí kò bá jáde, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan wà tí àwa aláwọ̀ dúdú gbọ́dọ̀ ṣọ́ ju àwọn yòókù lọ. Ọ̀pọ̀ ojúewé ṣì ń kọ ọ́ pé àìsàn àwọn òyìnbó ni MS. Ìwádìí kan tó jáde ní 2013 láti gúúsù California rí MS tuntun 10.2 nínú 100,000 aláwọ̀ dúdú lọ́dún, 6.9 láàárín àwọn òyìnbó. Nítorí náà, ẹni wa tó wà ní London tàbí Houston kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ojúewé kan lé òun kúrò níwájú dókítà. Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ tún yí padà díẹ̀, torí àwọn ohun mìíràn tó jọ ọ́ pọ̀: ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ ọ̀pá ẹ̀yìn, àìtó fítámì B12, HIV, àti àìsàn ẹsẹ̀ gbígbóná tó ń mú kí ìrìn ta gọ́ọ́gọ́ọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun ti Ìbàdàn so mọ́ ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa. Neuromyelitis optica náà ń bẹ, àìsàn mìíràn tó ń kọlu iṣan ojú àti ọ̀pá ẹ̀yìn, ìbejì MS lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ aquaporin-4 ló sábà ń yà wọ́n sọ́tọ̀, ó sì yẹ kí a béèrè rẹ̀, torí interferon, natalizumab àti fingolimod tí wọ́n ń lò fún MS lè mú kí èkejì burú sí i. Ojúewé tó bá dárúkọ oògùn láìdárúkọ àyẹ̀wò yìí kò kọ ọ́ fún yín.

Nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò agbo náà ní ohun tó ń sọ. Ẹ yí ìgò náà: lára ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní oògùn náà ń ṣe wò. Ní òdìkejì, bí dókítà bá kọ oògùn rituximab fún ẹni tó ní MS, tí páálí rẹ̀ kò sì dárúkọ MS rárá, kì í ṣe jìbìtì. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í sínú àkójọ oògùn kòṣeémáàní fún MS ní oṣù keje 2023, pẹ̀lú glatiramer àti cladribine.

Ojúewé kan wà tí mo máa ń ní kí èèyàn tì pa lójú ẹsẹ̀, láìka ẹni tó kọ ọ́ sí: èyí tó ní kí ẹ dá oògùn MS dúró fúnra yín. Bí wọ́n bá ṣàdédé dá fingolimod tàbí natalizumab dúró, àìsàn náà lè ru padà láàárín oṣù mélòó kan, kó sì le ju bó ṣe wà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn lọ.