Ẹ̀wọ̀n Lára Ògiri Toledo

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Inú omi gbígbóná oníyọ̀ ni ẹsẹ̀ mi wà bí mo ṣe ń kọ èyí, Toledo, ìlú àtijọ́ kan ní Spain, ló sì fà á. Òkúta ni gbogbo ojú títì wọn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bàtà oge ni èmi sì wọ̀ lọ.

Mẹ́ta la lọ: èmi, ẹ̀gbọ́n wa ará Ẹ̀gbá tó ti pẹ́ ní Madrid, àti ọ̀rẹ́ mi ọmọ Ìlọrin. Láàárọ̀ Sátidé la wọ ọkọ̀ ojú irin ní Atocha, ibùdókọ̀ kan ní Madrid, n kò tíì mu kọfí mi tán tí a fi dé. Bí a ṣe gun afárá Alcántara tí a gbójú sókè wo ìlú, ẹ̀gbọ́n pòṣé. Wọ́n ní, “Ṣé torí èyí la ṣe sanwó ọkọ̀? Olúmọ nìyí, wọ́n kàn kọ́lé lé e lórí ni.” A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ wà níbẹ̀. Odò Tajo yí àpáta náà ká lápá mẹ́ta. Bí ọ̀tá bá ń bọ̀, apá kan péré ló kù láti ṣọ́. Ọmọ Ẹ̀gbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún òun.

Mọ́sálásí kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ lọ́dún 999. Lẹ́yìn tí ọwọ́ ọba Kristẹni tẹ ìlú lọ́dún 1085, wọ́n sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀ṣì, Cristo de la Luz ni wọ́n ń pè é. Bíríkì ni wọ́n fi to lẹ́tà Lárúbáwá sókè iwájú rẹ̀. Ọmọ Ìlọrin gbé orí sẹ́yìn, ó ń fi ìka kà á láfẹ́fẹ́ bí ọmọ ilé-kéwú. Ó rí Bìsìmílà mú. Ó ní ìyókù le, pé irú ìkọ̀wé yẹn kọ́ ni áfáà fi na òun.

Kàtídírà ńkọ́? Mo rí i. Ó tóbi, wúrà pọ̀ níbẹ̀, èrò sì pọ̀ ju wúrà lọ. Oúnjẹ ọ̀sán wọn, carcamusas, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ọmọ Ìlọrin jẹ ẹyin díndín, ẹ̀gbọ́n bá a jẹ ìpín tirẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì San Juan de los Reyes, ìta ni mo dúró sí, n kò tètè wọlé. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n so rọ̀ sára ògiri, irin dúdú, òmíràn ṣì ní òrùka tí wọ́n ń kì bọ ẹsẹ̀. Àwọn Kristẹni tó wà nígbèkùn àwọn Mùsùlùmí Granada, ní gúúsù Spain, ló ni wọ́n. Nígbà tí ogun tú wọn sílẹ̀, wọ́n kó ẹ̀wọ̀n wọn wá síbí, sára ṣọ́ọ̀ṣì tí Ọbabìnrin Isabel àti ọkọ rẹ̀ Fernando bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ lọ́dún 1477.

Mo ti rí irú irin yìí rí ní Badagry. Abẹ́ òrùlé ni wọ́n tọ́jú ti ibẹ̀ sí, ẹni tó bá wọlé á rọra máa sọ̀rọ̀. Ti ibí, wọ́n gbé e kọ́ síta bí ẹni sáṣọ. Àwọn tó bọ́ ló ń fi tiwọn yangàn. Àwọn tó wọ tiwa kò padà wálé.

Àdúgbò Júù sì ni ṣọ́ọ̀ṣì yìí wà. Isabel àti Fernando yìí kan náà ló pàṣẹ lọ́dún 1492 pé kí Júù tí kò bá gba ìrìbọmi kúrò nílùú. Bí o bá rìn díẹ̀, wàá bá sínágọ́gù àtijọ́ kan tó ti di ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó jọba, Santa María la Blanca ló ń jẹ́. Màríà, lórí ilé àdúrà Júù! Mo sọ ti àṣẹ náà fún ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní, “Ọba ni wọ́n. Ta ló fẹ́ bi wọ́n?”

Nígbà tó di alẹ́, àwọn àlejò ojúmọ́ ti wọkọ̀ lọ, ìlú wá dákẹ́. A jókòó sórí àtẹ̀gùn kan, à ń jẹ mazapán. Álímọ́ńdì àti ṣúgà ni. Ó dùn jù fún mi, mo sì jẹ márùn-ún.

Láàárọ̀ òní mo dá padà lọ síbi ògiri yẹn, mo ń ka ẹ̀wọ̀n. Mo kà dé mẹ́tàdínlógún, ojú mi ṣì í, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá arúgbó kan gba ẹ̀yìn mi kọjá tòun ti búrẹ́dì lábíyá, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ni fóònù bá dún: ẹ̀gbọ́n ní bọ́ọ̀sì ti dé.