Ẹ Wo Àsìkò Láàbù Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Sí Ìwé Kóòṣì

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé yunifásítì tó torí eré sísá gbà mí ní Amẹ́ríkà, obìnrin tó ń mójú tó ẹ̀kọ́ àwa eléré ìdárayá pè mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Ó tẹ́ ìwé àkókò kíláàsì mi sórí tábìlì. Láti Ìbàdàn ni mo ti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé iṣẹ́ ẹnjiníà ni mo fẹ́ kọ́. Ó fi bírò pupa yí agogo 2 sí 5 ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ká. Ó ní, "Láàbù físíìsì nìyí. Àsìkò yìí gan-an lẹ máa ń wà ní pápá." Ó wá fa ìwé mìíràn yọ, èyí tó ti to kìkì kíláàsì àárọ̀ sí, ó ní ìyẹn kò le, òun ni ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣe. Kò sí ẹnjiníà nínú rẹ̀. Kò sí ìṣirò pàápàá. Ọmọ ọdún 19 ni mí nígbà yẹn, ẹni tó jù mí lọ ló ń bá mi sọ̀rọ̀, ilé tí mo ti wá kò sì kọ́ mi láti máa bi àgbà pé kí ló dé. Mo fọwọ́ sí i.

Mo ti pé ọdún 28 kí n tó gba ìwé ẹ̀rí ẹnjiníà. Ìyẹn ló mú kí n kọ̀wé yìí sí yín, ẹ̀yin àbúrò mi tí àwọn kóòṣì òyìnbó ti ń pè lórí fóònù. Lọ́dọọdún ni àwọn kan nínú yín máa ń bi mí pé ṣé òtútù ibẹ̀ pọ̀, ṣé wọ́n ń fúnni ní bàtà eré sísá, ṣé owó ọkọ̀ òfuurufú wà nínú ohun tí wọ́n máa san. Ìbéèrè tó dáa ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ títí di òní, mi ò tíì rí ẹni tó béèrè pé ta ni yóò yan ohun tí òun máa kà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tí ẹ ń lọ. Ní Allen, ìlú kan ní Texas, wọ́n kọ́ pápá kan fún bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù dọ́là. Ó gba èrò 18,000, wọ́n sì ṣí i ní 2012. Àwọn ọmọ girama ló ni pápá yẹn o. Ní Texas yìí kan náà, wọ́n ṣòfin ní 1984 pé akẹ́kọ̀ọ́ tí máàkì rẹ̀ kò bá tó 70 nínú iṣẹ́ èyíkéyìí kò gbọ́dọ̀ bá ẹgbẹ́ ṣeré fún ọ̀sẹ̀ 6. Ariwo ta. Gómìnà Mark White, tí òfin náà jáde nígbà tirẹ̀, fìdí rẹmi nínú ìbò 1986, ìbínú lórí òfin yìí sì wà lára ohun tí àwọn èèyàn kà sí i lọ́rùn. Nígbà tó di 1995, wọ́n dín ọ̀sẹ̀ 6 kù sí 3. Ní Premont, ìlú kékeré kan ní gúúsù ìpínlẹ̀ náà, wọ́n dá gbogbo eré ìdárayá dúró ní 2012 nígbà tí ìjọba fẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ wọn pa, ó sì di ìròyìn jákèjádò Amẹ́ríkà, bí ẹni pé wọ́n tú ọjà ìlú ká. Ibi tí àwọn kóòṣì yín dàgbà sí nìyẹn. Wọn kì í ṣe ìkà. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn ni wọ́n ṣe ń ṣe.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà dáadáa rèé, torí kò sẹ́ni tó là á yé mi nígbà tèmi. Àjọ NCAA, tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, gbé òfin kan jáde ní 2003 tí a máa ń pè ní 40-60-80. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè díje ní ọdún kẹta, ó gbọ́dọ̀ ti ṣe 40 nínú 100 iṣẹ́ tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ń béèrè. Fún ọdún kẹrin, 60. Fún ọdún karùn-ún, 80. Bí ìwé ẹ̀rí náà bá jẹ́ yúnìtì 120, yúnìtì 48 ló gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ọdún kẹta tó bẹ̀rẹ̀. Òfin tó dáa ni, kí ilé ẹ̀kọ́ má baà lo ọmọ gbó kí wọ́n sì dà á sígbó ni wọ́n ṣe ṣe é. Àmọ́ yúnìtì tó bá ìwé ẹ̀rí yẹn gan-an mu nìkan ni wọ́n ń kà.

Nígbà tí ọdún kejì mi ń parí lọ, mo padà sí ọ́fíìsì obìnrin yẹn, mo ní mo fẹ́ bọ́ sí ẹnjiníà. Ó ṣírò rẹ̀ lójú mi. Nínú gbogbo yúnìtì tí mo ti ní, 15 péré ló wúlò níbẹ̀. Bí mo bá bọ́ síbẹ̀, mi ò ní lè díje. Bí mi ò bá lè díje, sikọ́láṣípù mi lè dópin lọ́dún yẹn. Bí sikọ́láṣípù bá lọ, owó ilé ẹ̀kọ́ kò sí. Ẹni tó sì wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ máa ka yúnìtì 12 ó kéré tán ní sáà kọ̀ọ̀kan, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó di ilé. Okùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ọjọ́ tí mo fọwọ́ sí ìwé kíláàsì àárọ̀ ni mo sì so ó mọ́ ara mi lọ́rùn.

Òfin mìíràn wà láti 1991 pé eré kò gbọ́dọ̀ gbà ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Wákàtí inú bọ́ọ̀sì kò sí nínú rẹ̀, ọjọ́ ìdíje kan sì rèé, bó ti wù kó gùn tó, wákàtí 3 ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún un.

Iṣan itan mi já ní ọdún kẹta. Kóòṣì tó máa ń pè mí láràárọ̀ kò pè mọ́.

Lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́, mo jókòó sí kíláàsì ìṣirò pẹ̀lú àwọn ọmọ tí mo fi ọdún 5 jù, iṣẹ́ tí mo sì rí ṣe nínú ọgbà ni pé kí n máa kọ́ àwọn eléré ìdárayá níwèé lálẹ́. Ọmọkùnrin kan wà nínú wọn, agbábọ́ọ̀lù, èjìká rẹ̀ máa ń kún ẹnu ọ̀nà. Ìwé ìtàn la fẹ́ kà. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú ìwé náà, ó ní ojú ń dun òun, kí n bá òun kà á. Mo kà á. Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun gbàgbé awò ojú òun sílé, bẹ́ẹ̀ mi ò rí awò lójú rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kẹta, mo fi ìka sórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀, mo ní kó pè é fún mi. Òógùn bò ó níwájú orí, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ohùn kò jáde. Ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó tún wá, ó kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn, ó wá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ìyá mi ò mọ̀." Wọ́n ti fún ọmọ yẹn ní ìwé ẹ̀rí girama.

Mo rò pé òun nìkan ni. Àṣé ọ̀rọ̀ ọjọ́ pípẹ́ ni. Kevin Ross gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún Yunifásítì Creighton fún ọdún 4. Nígbà tó kúrò níbẹ̀ ní 1982, bí ọmọ kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ṣe ń kàwé, ó sì lọ jókòó sáàárín àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ kan, Marva Collins, dá sílẹ̀ ní Chicago láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Dexter Manley lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oklahoma, ó sì gba ife Super Bowl, ìdíje àṣekágbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, lẹ́ẹ̀mejì. Ní 1989, ó sunkún níwájú àwọn aṣòfin àgbà bó ṣe ń sọ pé òun kò mọ̀wé kà. Ní Yunifásítì North Carolina tó wà ní Chapel Hill, ìwádìí kan tó jáde ní 2014 fi hàn pé láti 1993 sí 2011, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 3,100 gba máàkì nínú kíláàsì tí kò ní olùkọ́, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì wọn ló jẹ́ eléré ìdárayá.

Ẹ má gbọ́ mi lódì. Eré sísá ló gbé mi kọjá òkun, bàbá mi kò lè san owó yẹn láéláé. Nígbà tí Tóbi Àmùsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó lọ sí Yunifásítì Texas ní El Paso, sá eré 100 mítà tí wọ́n ti ń fo igi ìdènà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní Eugene, ní Amẹ́ríkà, lóṣù Keje 2022, tí kò sí obìnrin tó yá tó bẹ́ẹ̀ rí láyé, omijé ayọ̀ bọ́ lójú mi. Ẹ sáré, ẹ sá a tọkàntọkàn. Àmọ́ NCAA fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ pé nínú 100 ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì, àwọn tó ń di agbábọ́ọ̀lù olówó oṣù kò tó 2. Àwọn tó kù ni mò ń bá sọ̀rọ̀, mo sì wà lára wọn.

Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ kóòṣì kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan: ọdún mélòó ni sikọ́láṣípù yìí? Láti 1973, ọdún kan kan ni wọ́n máa ń fúnni, àmọ́ láti 2012 wọ́n ti gbà kí ilé ẹ̀kọ́ kọ ọ́ fún ju ọdún kan lọ. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ béèrè bóyá láàbù wà láàárọ̀, tàbí nígbà ọlidé ẹ̀ẹ̀rùn. Bí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, ẹ ṣì fi iṣẹ́ líle kan, ìṣirò tàbí kẹ́mísìrì, sínú sáà kọ̀ọ̀kan láti ọdún kìn-ín-ní, kí ọ̀nà má baà dí mọ́ yín lẹ́yìn. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bi àgbà ní ìbéèrè, mo ti wá mọ̀ pé kò sí àfojúdi nínú ìyẹn.

Ẹni tó bá ti gba lẹ́tà, kó fi ìwé àkókò kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ náà ránṣẹ́ sí mi. A ó jọ wo ibi tí agogo 2 sí 5 bọ́ sí.