Ọkàn fúláwà fún Màmá Àgbà

Fúláwà ti kun gbogbo tábìlì. Ẹ̀bùn Falentáìnì Màmá Àgbà làwọn ọmọ ń pò lọ́wọ́. Fúláwà ife 2, iyọ̀ ife 1. Omi ò gbọdọ̀ ju ife 1 lọ, díẹ̀díẹ̀ sì ni kẹ́ ẹ máa bù ú sí i. Tó bá ti ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, omi ti pọ̀ jù nìyẹn, ẹ fi fúláwà kún un. Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kó nípọn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà, kẹ́ ẹ gé e bí ọkàn, kí ọmọ wá tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí i láàárín. Ẹ lu ihò okùn báyìí o! Tó bá gbẹ tán kẹ́ ẹ tó lu ihò náà, fífọ́ ló máa fọ́. Ófùn 100°C, wákàtí 2 sí 3. Ojú ń kán àwọn kan, wọ́n á fi iná kún un, ló bá wú, ló bá sán. Ó dìgbà tó bá tutù kẹ́ ẹ tó kùn ún. Kì í ṣe jíjẹ o, iyọ̀ inú ẹ̀ lè pa ajá.