Omi Ló Ṣáájú Ọkọ̀: Ẹ̀kọ́ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bọ́ Sẹ́nu Iṣẹ́ Ìtọ́jú Ẹranko

Ẹ̀yin àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí wọ́n fi mí ṣe alábòójútó ẹ̀ka wa, wọ́n ní kí n kọ ìlànà ṣókí sílẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo rò pé ẹ̀kọ́ márùn-ún ni màá kọ, ojú ìwé kan ni yóò sì gbà. N kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń fún ajá lóúnjẹ, bí a ṣe ń tún ilé ológbò ṣe, tàbí ìgbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára yẹ, nítorí ẹ ti mọ gbogbo ìyẹn kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí mo rí i pé ẹ kò tíì mọ̀, tí àwọn kan nínú yín sì tún ṣì ṣe lójú mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ni ohun tí ooru ń fi ẹranko ṣe, àti ohun tó yẹ kí ọwọ́ yín kọ́kọ́ gbé nígbà tó bá dé.

Ẹ̀kọ́ kìíní ni pé ooru tí ẹ̀ ń bá pàdé kì í ṣe irú èyí tí àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́ mọ̀. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lágbàáyé, WMO, ti fi hàn pé ọdún 2024 ló gbóná jù lọ nínú gbogbo àkọsílẹ̀, àti pé ó fi nǹkan bí 1.55°C gbóná ju bí ayé ṣe rí láàárín ọdún 1850 sí 1900 lọ. Iye yìí lè dà bí ohun kékeré létí, ṣùgbọ́n àròpín gbogbo ayé ni; ohun tó ń pa ẹranko ni ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó gbóná rékọjá ààlà, àti òru tí kò tutù tó láti jẹ́ kí ara sinmi. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, ní agbègbè Cairns ní Ọsirélíà, ooru kọjá 42°C, àwọn àdán ńlá tí ń jẹ èso sì ń já bọ́ láti orí igi. Láàárín ọjọ́ méjì, nǹkan bí 23,000 ló kú, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo irú wọn tó wà ní orílẹ̀-èdè náà.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé ara ajá kò rí bí ara yín. Àwa ń làágùn káàkiri ara. Àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni ajá ti ń làágùn díẹ̀. Mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀, kí omi ara ahọ́n àti ọ̀nà èémí rẹ̀ lè gbẹ kúrò, kó sì gbé ooru lọ. Bí ọ̀rinrin bá ti pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́, omi náà kò ní gbẹ, ajá á wulẹ̀ máa mí lásán ni, ìdí sì nìyí tí ọjọ́ tí tẹmómítà ara ògiri kò ka iye tó bani lẹ́rù fi lè burú ju ọjọ́ tó gbóná tó sì gbẹ. Ìwọ̀n ooru ara ajá tó wà ní àlàáfíà jẹ́ nǹkan bí 38.3°C sí 39.2°C. Bó bá ti kọjá 41°C, ewu ti dé bá ọpọlọ, kíndìnrín àti ìfun. Ajá onímú pẹlẹbẹ, ajá tó ti dàgbà àti èyí tó sanra jù ló máa ń kọ́kọ́ ṣubú. Ọ̀pọ̀ yín rò pé inú ọkọ̀ tí a tì pa nìkan ni ewu wà, ṣùgbọ́n ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2020 láti inú àkọsílẹ̀ àwọn oníṣègùn ẹranko ní ilẹ̀ Bìrìtéènì fi hàn pé nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ajá tí ooru kọlù ló jẹ́ pé ìrìn tàbí eré sísá ló fà á.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni pé omi ló ṣáájú ọkọ̀. Gbólóhùn kan yìí ni mo fẹ́ kọ kí n sì kọjá sí ẹ̀kẹrin, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti há mi lọ́fun, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó dé ibí, àkókò tí a ń mú ajá rìn wà nínú ìwé, ọ̀gá wa kì í sì í yẹ̀ ẹ́ rárá: ọ̀sán ni, gẹ́rẹ́ tí a bá ti jẹun tán. Lásìkò tí mo ń wí yìí, ooru ti mú tó bẹ́ẹ̀ tí òru pàápàá kò tutù mọ́. Mo gbé ẹ̀yìn ọwọ́ mi lé ilẹ̀ ọ̀nà tí a fẹ́ gbà, n kò lè fi í síbẹ̀ kí n ka ení, èjì, ẹ̀ta. Mo sọ fún ọ̀gá pé kí a jọ̀wọ́ dúró di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní ìwé ìlànà kò mẹ́nu kan ọwọ́ mi. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ajá tí wọ́n fà lé mi lọ́wọ́ jẹ́ abo kan tó ti dàgbà, onímú pẹlẹbẹ, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. A kò tíì rìn jìnnà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í mí pẹ̀lú ariwo bí ayùn tó ń la pákó, itọ́ ẹnu rẹ̀ ki, erìgì rẹ̀ sì pọ́n kọjá bó ṣe yẹ. Mo dá a padà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ọgbà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ìtòsí ẹ̀rọ omi ló wó sí.

Mo ti di rọ́bà omi mú nígbà tí ọ̀gá gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ pa á ni, pé omi tutù yóò dá ọkàn rẹ̀ dúró lójijì. Wọ́n ní kí a rẹ táwẹ̀lì sínú omi, kí a fi wé e láti ọrùn dé ìdí, kí a sì tètè gbé e sínú ọkọ̀. Inú oòrùn ni ọkọ̀ náà wà láti àárọ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní ọdún 2005, ti fi hàn pé ooru inú ọkọ̀ tó dúró sínú oòrùn lè fi nǹkan bí ìwọ̀n 22 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ sókè láàárín wákàtí kan, pé ìṣẹ́jú 30 àkọ́kọ́ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àti pé ṣíṣí fèrèsé díẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí nǹkan kan padà. Inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a gbé ajá tí ooru ti ń pa sí, pẹ̀lú táwẹ̀lì tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ lára rẹ̀ kí a tó jáde lẹ́nu géètì. Nígbà tí oníṣègùn wo ìwọ̀n ooru ara rẹ̀, ó ti lé ní 42°C. Kò rí alẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Lọ́jọ́ náà obì gbó, ajá sì kú.

Ohun tí wọ́n kọ sínú àkọsílẹ̀ ni pé ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i, mo kọ̀, wọ́n sì gbé mi lọ síbi tí a ń kó oúnjẹ ẹran pamọ́ sí. N kò tíì dárí jì wọ́n, n kò sì ní ṣe bí ẹni pé mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo di alábòójútó. Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Bìrìtéènì tún jáde pẹ̀lú àkọsílẹ̀ mìíràn: nínú àwọn ajá tí ooru kọlù, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún péré ni wọ́n ti mú ara wọn tutù kí wọ́n tó gbé wọn lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, táwẹ̀lì tí a rẹ sínú omi ni wọ́n sì lò fún nǹkan bí ìdajì àwọn tí wọ́n gbìyànjú láti mú ara wọn tutù. N kò ní purọ́, inú mi dùn díẹ̀ nígbà tí mo kà á. Lẹ́yìn náà ni mo rántí iye ajá tó wà lẹ́yìn ìṣirò yẹn.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ bí a ṣe ń ṣe é. Bí ajá bá ṣubú nínú ooru, ẹ gbé e sí òjìji, kí ẹ sì da omi sí i lára láìdúró. Omi yòówù tó bá ti tutù ju ara rẹ̀ lọ dára, ẹ má wá yìnyín kiri. Ẹ jẹ́ kí omi wọ abẹ́ irun títí dé awọ, kí ẹ sì fẹ́ atẹ́gùn sí i, ìbáà ṣe fáànù tàbí páálí. Bó bá jẹ́ ajá tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré, tí ara rẹ̀ sì le, ẹ lè rì í sínú omi tútù, kí orí rẹ̀ wà lókè. Fún arúgbó tàbí aláìsàn, dída omi sí i lára pẹ̀lú atẹ́gùn ló yẹ. Ẹ má da omi sí ẹnu ajá tí kò mọ ibi tó wà. Ẹ mú táwẹ̀lì yẹn kúrò lára rẹ̀, nítorí pé bó bá ti gbóná tán, ó ti di aṣọ òtútù. Ẹnì kan nínú yín yóò pe oníṣègùn bí ẹlòmíràn ti ń da omi, a ó sì gbé e lọ nínú ọkọ̀ tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Kódà bó bá dìde tó sì ń ju ìrù, ẹ gbé e lọ, torí pé ìpalára kíndìnrín àti ti ẹ̀jẹ̀ lè má farahàn títí di ọjọ́ kejì. Ológbò tó bá la ẹnu mí nínú ooru náà kò ní àkókò láti ṣòfò, ehoro sì tún kéré ní ìfaradà ju àwọn méjèèjì lọ.

Mo mọ̀ pé ẹ̀kọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún ti dàpọ̀ mọ́ra wọn báyìí. Àwọn ẹranko tí ẹnikẹ́ni kò ni, tó wà nínú ọgbà wa, náà ń gbóná. Ẹ gbé àwo omi tí kò jìn sí abẹ́ igi, kí ẹ to òkúta tí orí rẹ̀ yọ sínú rẹ̀ kí oyin àti ẹyẹ lè rí ibi bà lé, kí ẹ sì máa fọ̀ ọ́, kí ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ẹ̀fọn má baà pamọ síbẹ̀. Bí garawa omi yóò bá wà níta, ẹ fi pákó dágun sínú rẹ̀, kí alángbá tó bá já sí i lè gùn ún jáde. Ẹ yé sun ewé gbígbẹ tó wà lábẹ́ igi. Òun ló ń jẹ́ kí ilẹ̀ tutù, àwọn kòkòrò tí ẹyẹ ń jẹ sì ń gbé inú rẹ̀. Ẹ má lo oògùn eku nínú ọgbà, nítorí òwìwí àti ológbò ń jẹ eku tó ti jẹ ẹ́. Ní ti eégbọn, bí ayé ṣe ń gbóná sí i, a ń rí i níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀, a ó sì máa lo oògùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ajá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í kùn lára wọ odò, kó má pa àwọn kòkòrò inú omi. Èyí tó bá ní èròjà apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní permethrin nínú, tí a ṣe fún ajá, kò gbọ́dọ̀ kan ológbò rárá, nítorí ó lè pa á.

Láti oṣù yìí lọ, mo ti yí àkókò ìrìn ajá sí òwúrọ̀ kùtù àti lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó di okùn ajá mú, bó tilẹ̀ jẹ́ àná ló dé, ló ní àṣẹ láti dá ìrìn náà dúró bí ilẹ̀ bá jó o lẹ́yìn ọwọ́, kò sì ní kọ lẹ́tà kankan láti fi ṣàlàyé. Àwọn kan lára àwọn àgbà wa ti ń sọ pé ọ̀lẹ ni mò ń tọ́. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ sọ pé èmi ni mo fọwọ́ sí i.